Òfin Tòbí, Òfin Ìró: Bí Kọ́mú Ṣe Dé Etí Ọ̀sà Ìwópin Láìní Ìlànà

Bí a bá bi ọmọbìnrin kan ní Ìwópin, ní Abígí tàbí ní Ìbíadé pé ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kí a máa fọ pátá, kò ní ronú kó tó dáhùn: ojoojúmọ́ ni, nínú balùwẹ̀, bí a bá ti ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ìyá àgbà ló sì kọ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yí ìbéèrè náà sí kọ́mú, ohùn kò ní ṣọ̀kan mọ́. Ọ̀kan á ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, òmíràn á ní ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ẹlòmíràn á ní ọjọ́ Sátidé tí a bá ń fọ aṣọ yòókù. Aṣọ méjèèjì ń fara kan ara, méjèèjì ń mu òógùn, obìnrin kan náà ló sì wọ̀ wọ́n. Kí ló dé tí ọ̀kan fi ní òfin tí èkejì kò fi ní? Èrò mi ni pé inú ìtàn aṣọ ni ìdáhùn wà, kì í ṣe inú ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó. Nígbà tí pátá dé, ó bá ìlànà kan nílẹ̀ tí a ti ń lò fún tòbí àti ìbàǹtẹ́. Kọ́mú kò bá nǹkan kan nílẹ̀, la bá tì í sábẹ́ ìlànà ìró, aṣọ òkè tí a kì í fọ̀ títí ìdọ̀tí yóò fi hàn lára rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ tó ti etí ọ̀sà yìí, ìlànà ìró kọ́ ló tọ́ sí i.

Ìwópin wà ní etí àríwá ọ̀sà Lẹkki, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside tí Abígí jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Omi ni ọ̀nà àtijọ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ènìyàn àti ẹrù lọ sí Ẹ̀pẹ́, Èjìnrìn àti Èkó kí ọ̀nà mọ́tò tó là. Ohun kan wà nípa omi yìí tó kan ìfọṣọ gan-an. Ọ̀sà Èkó sún mọ́ òkun, iyọ̀ sì máa ń wọ̀ ọ́, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀sà Lẹkki jìnnà sí ẹnu òkun, odò Ọ̀ṣun àti odò Oní ń da omi tiwọn sínú rẹ̀, kò sì níyọ̀ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Ẹni tó bá ti fi omi oníyọ̀ fọṣọ rí mọ̀ pé ọṣẹ á kàn máa ṣòfò ni, kò ní hó. Omi Ìwópin ń jẹ́ kí ọṣẹ hó. Òun náà, pẹ̀lú igi gmelina tí ìjọba gbìn sínú igbó ọba Ọmọ, wà lára ohun tó mú kí wọ́n gbé ilé-iṣẹ́ ìwé ti ìjọba àpapọ̀ lọ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ilé-iṣẹ́ náà kò mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó yan ibẹ̀ mọ omi í yàn. Láti ọdún 1984 ni koríko olódòdó elése àlùkò kan ti gba àwọn omi wa láti ìhà Bàdágrì wá, èyí tó yàtọ̀ sí ojúoró tí àwọn baba wa mọ̀, ó sì máa ń dí èbúté mọ́ ọlọ́kọ̀ àti afọṣọ lẹ́nu. Síbẹ̀, bí a bá ń wá ìdí tí ènìyàn kì í fi fọ kọ́mú ní agbègbè yìí, àìsí omi kọ́ la ó kọ́kọ́ dárúkọ.

Àwọn kan á sọ pé ìbéèrè yìí gan-an kì í ṣe tiwa, pé àwọn òyìnbó ló kó aṣọ abẹ́ wá. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà. Kí òyìnbó tó dé, obìnrin Yorùbá ní tòbí, aṣọ kékeré tó ní okùn líle tí a ń so mọ́ ìdí lábẹ́ ìró, tó sì sábà ní àpò tí ọlọ́jà ń kó owó sí. Ó ní yẹrì. Ọkùnrin ní ìbàǹtẹ́, èyí tó tó apẹja nínú ọkọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897 kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, rí i pé ọ̀rọ̀ aṣọ tó ohun tí à ń ṣàlàyé nígbà tó ń kọ̀wé nípa ìṣe àwọn ènìyàn rẹ̀. Aṣọ òkè àti aṣọ abẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Aṣọ òkè ni ọrọ̀ ilé. Aṣọ tí àwọn ará Ìjẹ̀bú hun ní òkìkí débi pé àwọn oníṣòwò láti Yúróòpù ń rà á ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n sì ń gbé e lọ tà ní etíkun Gánà òde òní. A ń fi ẹ̀lú pa á láró, aró sì ń ṣí: ìgbàkígbà tí a bá fọ aṣọ aláró, díẹ̀ nínú ẹwà rẹ̀ bá omi lọ. Nítorí náà, ọgbọ́n tí a fi ń tọ́jú aṣọ òkè ni pé kí a má jẹ́ kó dọ̀tí rárá. Òwe tó ní aláṣọ àlà kì í jókòó sísọ̀ elépo, ìmọ̀ràn ìtọ́jú aṣọ ni kó tó di òwe, ó sì bá agbègbè tí epo pupa ti ń ṣàn lójoojúmọ́ mu. Ẹni tó wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nílò ohun mìíràn tí yóò wà láàárín rẹ̀ àti ara, tí yóò gba òógùn àti èérí dúró. Tòbí ló ń jẹ ìyà tí ìró kò gbọdọ̀ jẹ.

Nǹkan oṣù ló sì sọ ìlànà náà di líle. Akísà tí obìnrin ń lò nígbà náà, okùn ìdí ló ń dè é mú, kò sì sí bí a ṣe lè sún fífọ̀ rẹ̀ di ọ̀la. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fọ̀ ọ́, ní kọ̀rọ̀, kò ní fi í rán ọmọ, kò ní kó o pọ̀ mọ́ aṣọ ọkọ. Àṣà yìí ṣì wà láyé títí dòní lára pátá, bí àwọn tó ń tẹ̀ lé e kò tilẹ̀ rántí ibi tó ti wá. Ọ̀pọ̀ alágbàfọ̀ kì í gba pátá lọ́wọ́ oníbàárà, oníbàárà tó mọ ara rẹ̀ náà kì í sì í kó o fún un. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà ní Íńdíà, orúkọ àwọn alágbàfọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n fi pe làpálàpá tó ń mú wọn ní itan, bí ẹni pé ọwọ́ afọṣọ ló ti wá. Ooru, òógùn àti aṣọ tí kò gbẹ dáadáa ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ìyá wa kò nílò àlàyé yẹn kí wọ́n tó pinnu pé aṣọ abẹ́ ẹni, ọwọ́ ẹni ni kó ti mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé mo ń fi adùn sí ìgbà àtijọ́, pé ta ló rí àwọn ìyá ńlá wa tí wọ́n ń fọ tòbí lójoojúmọ́. N kò sọ pé wọ́n mọ́ ju wa lọ. Iye aṣọ tí wọ́n ní ni mo ń wò. Aṣọ tí a fi ọwọ́ ran òwú rẹ̀, tí a fi ọwọ́ hun, kì í pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Obìnrin tó ní tòbí méjì kò lè ṣe é kó má fọ ọ̀kan bí èkejì bá wà lára rẹ̀. Àìní ló pa á láṣẹ. Ẹ wo òdìkejì rẹ̀ ní Yúróòpù. Georges Vigarello, òpìtàn ará Faransé tó kọ ìwé lórí ìtàn ìmọ́tótó ní 1985, fi hàn pé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún, àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ ka pípààrọ̀ ẹ̀wù funfun ti abẹ́ sí ìmọ́tótó, wọn kì í sì í wẹ ara púpọ̀. Ilé tó lọ́rọ̀ máa ń ní irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí náà ó lè kó wọn jọ fún oṣù mélòó kan kó tó ṣe ìfọṣọ ńlá. Bí ènìyàn bá ṣe ní aṣọ abẹ́ púpọ̀ tó ló ṣe lè fi fífọ̀ rẹ̀ falẹ̀ tó. Òtútù ilẹ̀ wọn gba irú ìfalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí a kó ẹ̀wù olóògùn jọ sínú agbọ̀n fún oṣù kan ní Ìwópin, ohun tí a ó bá níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀wù mọ́. Òjò etí ọ̀sà yìí pọ̀ ju ti Abẹ́òkúta lọ, ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, ó sì ń bá a lọ títí di oṣù Kẹwàá, àfi ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Ewú tètè ń hu lára aṣọ níbẹ̀.

Ọṣẹ ló tún yí nǹkan padà. Ọṣẹ dúdú tí a fi eérú àti epo tàbí àdín sè dára fún ara, ó sì dára fún aṣọ kékeré, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó ń tètè yọ́ sómi, kò sì rọrùn láti fi fọ òkìtì aṣọ. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ọ̀nà tí Awùjalẹ̀ ti dí mọ́ àwọn òyìnbó tipẹ́ là sílẹ̀. Ìjọ, ilé-ìwé àti ọjà Èkó wọlé ní àkókò kan náà. Epo tó ń ti ilẹ̀ wa lọ sí Liverpool ń padà wá ní ọṣẹ líle tí a gé ní ọ̀pá. Ní 1923 ni ilé-iṣẹ́ Lever Brothers fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ní Àpápá. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ oníyẹ̀fun bíi Omo dé. Ènìyàn á rò pé bí ọṣẹ ṣe pọ̀ sí i ni ìfọṣọ á ṣe máa pọ̀ sí i. Ó pọ̀ lóòótọ́ fún aṣọ òkè, nítorí aṣọ ilé-ìwé àti aṣọ ìjọ ń fẹ́ fífọ̀, sítáàṣì, búlúù àti ááyọ́ọ̀nù eléèédú. Ṣùgbọ́n ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí a kì í sábà kíyè sí: ọjọ́ ìfọṣọ kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ fìdí múlẹ̀. Ilé-ìwé ń gba ọjọ́ márùn-ún, ìjọ ń gba Sọ́ńdè, Sátidé ló ṣẹ́ kù. Ohun tí kò bá ní òfin tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, Sátidé ló ń dè.

Ibẹ̀ ni kọ́mú bọ́ sí. Obìnrin Faransé kan, Herminie Cadolle, ti gé kọ́sẹ́ẹ̀tì sí méjì ní 1889, ó ya apá òkè sọ́tọ̀. Ní 1914, Mary Phelps Jacob gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà fún èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi tòní. Ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé Sàró àti Àgùdà àti àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ ń dé ilẹ̀ Yorùbá, kó tó rìn lọ sí ìgbèríko. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955 kó ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin sínú aṣọ ilé-ìwé, kọ́mú sì di ara ìmúra ọmọ tó ti ń bàlágà. Kò sí aṣọ kan tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí obìnrin bá fẹ́ bo àyà, ìró ló ń ró dé orí ọmú. Bó bá ń tọ́mọ, ó ń tú u. Nítorí náà, nígbà tí kọ́mú dé, ẹ̀gbẹ́ bùbá, búláòsì àti léèsì ni a tò ó sí: ohun tó ń mú kí aṣọ òkè dúró dáadáa lára. Ó wọ́n, a ń ṣìkẹ́ rẹ̀ bí a ti ń ṣìkẹ́ aṣọ ìnáwó. Ẹ̀rí èyí ṣì wà nínú ìwé tí ilé-ìwé onílé gbígbé ń fún àwọn òbí: pátá tí wọ́n ń béèrè sábà máa ń pọ̀ ju kọ́mú lọ dáadáa. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò kọ òfin ìfọṣọ, ṣùgbọ́n òfin wà nínú iye tó kọ.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ń ka ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn awọ àti àwọn onílé-iṣẹ́ aṣọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, pé kí a wọ kọ́mú ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí a tó fọ̀ ọ́. N kò sọ pé irọ́ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìmọ̀ràn náà ní ojú ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì olótùútù ní London kò laagùn bí obìnrin tó ń yan ẹja lórí ààrò láti òwúrọ̀, tàbí èyí tó ń yan gàrí lójú iná, tàbí èyí tó ń wa ọkọ̀ láti oko bọ̀. Abẹ́ ọmú jẹ́ ibi tí awọ ti ń lẹ̀ mọ́ awọ; òógùn ń dúró síbẹ̀, kòkòrò tó ń fa làpálàpá àti ti eléwú funfun ń fẹ́ràn ibẹ̀. Àwọn olùdámọ̀ràn yẹn fúnra wọn ní kí a fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ bí a bá ti laagùn púpọ̀. Ní etí ọ̀sà, ọjọ́ wo ni a kì í laagùn púpọ̀? Nígbà ọyẹ́ nìkan ni kọ́mú lè fara mọ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ọyẹ́ tibẹ̀ kò sì pẹ́. Bí a bá fi ìmọ̀ràn òkèèrè náà sí ipò wa gẹ́lẹ́, òfin tòbí ló máa yọrí sí.

Àwọn mìíràn á ní fífọ̀ ojoojúmọ́ ń ba kọ́mú jẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Òwú ni tòbí, ó ń fara da lílù lórí òkúta. Kọ́mú òde òní ní okùn tó ń fà nínú, irú èyí tí Joseph Shivers ṣe àwárí rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ní 1958. Omi gbígbóná, fífún líle àti omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun ló ń pa okùn yìí. Omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ kì í pa á bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ inú òógùn àti ọ̀rá ara tí a jẹ́ kó gbẹ sínú rẹ̀ náà ń jẹ ẹ́. Nítorí náà ẹni tó ń fi àìfọ̀ pa kọ́mú mọ́ ń bà á jẹ́ lọ́nà mìíràn ni. Bí kọ́mú mẹ́ta bá wà, tí a ń wọ̀ wọ́n ní ìyípo, tí a ń ṣan ọ̀kan nínú balùwẹ̀ lálẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí pátá, ìṣòro náà fúyẹ́. Ó ṣe ni láàánú pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni a ń sún di Sátidé.

Ibi tí mo rò pé a ti ṣìnà jù ni ibi sísá. Òfin tòbí ní apá méjì, fífọ̀ àti oòrùn. A mú ti fífọ̀ dání fún pátá, a sọ ti oòrùn nù fún pátá àti kọ́mú lápapọ̀. Aṣọ òwú tí kò ní àwòrán kankan lára kò ti ẹnikẹ́ni lójú lórí igbó tàbí lórí okùn. Pátá àti kọ́mú, nítorí ìrísí wọn, di ohun ìtìjú, wọ́n bá wọ inú yàrá lọ, sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, sí orí fèrèsé tí kò gba oòrùn. Ní nǹkan bí ọdún 2018 sí 2019, ìròyìn tún gba ìlú pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣe jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń jí pátá obìnrin lọ fi ṣe ògùn owó. Bí ògùn náà kò bá tilẹ̀ jẹ́ nǹkan kan, ìbẹ̀rù rẹ̀ kó ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lórí okùn wọlé. Ewu sì wà nínú òjìji. Eṣinṣin kan wà ní Áfíríkà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cordylobia anthropophaga: ó ń yé ẹyin sórí iyanrìn tó wà lábẹ́ òjìji tàbí sára aṣọ tó tutù, ó sì ń sá fún oòrùn gbangba. Bí a bá wọ aṣọ náà, ìdin rẹ̀ á wọ inú awọ, á sì máa dàgbà níbẹ̀ bí eéwo fún ọjọ́ mẹ́jọ sí méjìlá. Ilẹ̀ etí ọ̀sà jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn. Ẹni tó fọ pátá rẹ̀ lójoojúmọ́ tó sì ń sá a sí abẹ́ òrùlé tútù ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, àwọn obìnrin ti rí ojútùú tí kò gba owó: wọ́n á sá a síta ní ojú oòrùn, wọ́n á fi gèlè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lórí okùn. Nígbà òjò, ááyọ́ọ̀nù tó gbóná ló ń pa ẹyin náà lára pátá òwú, bí kò tilẹ̀ yẹ kí a gbé e lé kọ́mú.

Ọ̀pọ̀ kọ́mú tó wà ní agbègbè yìí kò dé ní tuntun rárá. Àwọn aṣọ àlòkù láti òkèèrè, òkìríkà, ń gba ìhà Kùtọnu àti Sẹ̀mẹ̀ wọlé bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ àlòkù wà lára ohun tí aṣọ́bodè Nàìjíríà fòfin dè. Gánà ti ṣe òfin ní 1994 tó dìídì dí ọ̀nà mọ́ àlòkù aṣọ abẹ́, ó sì di 2011 kí wọ́n tó múra sí mímú un ṣẹ. Ohun tó wù mí láti kíyè sí níbẹ̀ ni ìwà ẹni tó rà á. Obìnrin tó ra kọ́mú òkìríkà ní ọjà Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìjẹ̀bú-Òde kì í wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Yóò rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, yóò fọwọ́ ra á dáadáa, yóò ṣan án títí omi yóò fi mọ́, yóò sì sá a sí gbangba oòrùn, nítorí kò mọ ara ẹni tó ti wọ̀ ọ́ rí. Ní ọjọ́ kìíní yẹn, òfin tòbí ló ń tẹ̀ lé pátápátá. Láti ọjọ́ kejì, nígbà tí òógùn inú rẹ̀ ti di tirẹ̀, kọ́mú náà á padà sínú òfin ìró, á sì máa dúró de Sátidé.